Iṣẹ́ Ni Wọ́n Ń Wá, Kì Í Ṣe Sàárà

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn olókòòwò àti àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mo ti gé àwọn ìkíni gígùn kúrò, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, mo kí yín o. Mo kí arákùnrin tó ń fi ọwọ́ tú ọ̀rọ̀ mi fún àwọn adití tó jókòó lápá òsì. Bí mo bá ń sáré jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ juwọ́ sí mi.

Gbólóhùn kan wà tí agbanisíṣẹ́ kì í pẹ́ sọ bí a bá ti dá ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara sílẹ̀: “A ò kórìíra wọn o.” Mo gbà wọ́n gbọ́. Àwọn kan náà ló ń ju owó sínú àwo alágbe ní Mọ́kọ́lá láràárọ̀. Àwọn náà ló ń gbé àpò ìrẹsì lọ sílé ẹ̀kọ́ afọ́jú bí ọdún bá ń parí lọ, tí wọ́n á sì ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé, nínú àwọn tí ẹ ń sanwó oṣù fún, ta ni arọ, ta ni adití, ta ni kò ríran? Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa wo ara wọn lójú.

Èrò tèmi ni pé àánú yẹn gan-an ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó kórìíra ẹ á sọ pé òun ò fẹ́ ẹ níwájú òun, ìwọ náà á sì mọ ibi tí o ti lè bá a ṣẹjọ́. Ẹni tó ń ṣàánú ẹ á ní, “Háà, iṣẹ́ yìí á le jù fún ẹ, ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí o ṣe ara ẹ léṣe.” Á fún ẹ ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà owó ọkọ̀, á sì gbàdúrà fún ẹ títí dé ẹnu ọ̀nà. O ti ṣe àmín tán kí o tó rántí pé kò bi ẹ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa iṣẹ́.

Ohun tí ọ̀gá bá fẹnu sọ kò ṣeé fi díwọ̀n ohun tó ń ṣe, nítorí náà àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà dá ọgbọ́n mìíràn. Yunifásítì Rutgers àti ti Syracuse ni wọ́n ti wá, ọdún 2015 ni wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde. Wọ́n kọ ìwé ìwáṣẹ́ tó lé ní 6,000, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń wá oníṣirò owó. Orúkọ tí wọ́n dá fúnra wọn ló wà lórí àwọn ìwé náà. Ẹnikẹ́ni ò wá iṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ dọ́gba, ìrírí dọ́gba. Inú lẹ́tà tó bá ìwé náà lọ nìkan ni ìyàtọ̀ wà. Ìdá kan nínú mẹ́ta kò sọ ohunkóhun nípa ara. Ìdá kan sọ pé ọ̀pá ẹ̀yìn òun ti fara pa rí. Ìdá tó kù sọ pé òun ní ohun tí àwọn dókítà máa ń pè ní Asperger's tẹ́lẹ̀, èyí tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ àti ìfararora pẹ̀lú ènìyàn ṣòro díẹ̀ fún ni.

Ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí wọ́n mú. Ìdí tábìlì ni oníṣirò owó ń jókòó sí. Kò sí ẹni tó ń fi ọ̀pá ẹ̀yìn ka ìwé owó. Síbẹ̀, ìdáhùn tí àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa ara wọn rí gbà fi ìdá 26 nínú 100 dín sí ti àwọn tó dákẹ́.

Apá kan wà nínú ìwádìí yẹn tí mi ò yéé ronú lé lórí. A máa ń sọ fún aláàbọ̀ ara pé kó ṣáà kàwé, kó ṣáà ní ìrírí, pé bó pẹ́ bó yá wọ́n á rí i. Nínú àwọn lẹ́tà yẹn, àwọn tí ìrírí wọn pọ̀ ni àlàfo tiwọn tóbi jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, tó sì ní àìlera, kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan tó wá ń béèrè ipò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ìwé rẹ̀ dé. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀: àánú lè fún ènìyàn níṣẹ́ kékeré, kì í fi ènìyàn jọ̀gá.

Ẹ̀kejì ni pé àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 15, ni àlàfo yìí ti hàn jù. ADA, òfin Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n má fi àìlera ènìyàn dù ú níṣẹ́, tí Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí ní 1990, kò sì mú irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí òfin mú ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń sọ pé òfin ò lè yí ọkàn padà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò béèrè ọkàn yín. Lẹ́tà ni kí ẹ fèsì.

Ṣé kí òfin ṣáà ti wà ni? Rárá o. Ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín kó tó bí mi nínú. Ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, tí àwọn ọmọ ogun ń ti ojú ogun bọ̀ láìlẹ́sẹ̀, láìlápá, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 sókè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdá mẹ́ta nínú 100 wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara tó forúkọ sílẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Òfin kan náà fún ìjọba láṣẹ láti ya àwọn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún wọn pátápátá. Lẹ́yìn gbogbo ìpàdé àti àròjinlẹ̀, ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀? Méjì péré: kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì lífíìtì fún àwọn tó ń gòkè, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Ẹ̀yin ará, àwọn ọkùnrin tó wa ọkọ̀ ogun la aṣálẹ̀ Líbíyà kọjá, àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì bàálù palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà, iṣẹ́ tí ìjọba rí fún wọn nìyẹn. Mi ò rò pé ẹni tó ṣe é kórìíra wọn. Àánú ló ṣe wọ́n. Wọ́n wo ẹsẹ̀ tí kò sí, wọn ò wo ọwọ́ àti orí tó ṣẹ́kù. Ní ti ìdá mẹ́ta yẹn, àwọn iléeṣẹ́ kọ̀wé pé kí ìjọba yọ̀ǹda àwọn, ìjọba sì ń yọ̀ǹda wọn. Ẹjọ́ tí wọ́n pè lé e lórí kò tó nǹkan. Nígbà tó di 1995 ni wọ́n tó fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó yí ìbéèrè náà padà sọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́: kí ni ìwọ lè tún ṣe níbi iṣẹ́ rẹ kí ẹni yìí lè ṣe é? Ní ti lífíìtì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé olúkúlùkù ló ń tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ báyìí.

Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí. Nígbà kan, bí ẹ bá bá afọ́jú nídìí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní báńkì, ìdí swíìṣíbọ́ọ̀dù lẹ ó ti bá a, tó ń so tẹlifóònù mọ́ tẹlifóònù. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú, wọ́n ń dá ohùn àwọn ọ̀gá mọ̀ kí wọ́n tó dárúkọ. GSM dé ní 2001. Kálukú gbé fóònù tirẹ̀ sí àpò, swíìṣíbọ́ọ̀dù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò sì rí iṣẹ́ mìíràn tí afọ́jú lè ṣe. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí a bá ní “iṣẹ́ afọ́jú” lọ́kàn: bí iṣẹ́ yẹn bá kú, a ó rò pé afọ́jú náà ti parí iṣẹ́.

Ìjọba pàápàá lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀tàn. Ní Japan, ní 2018, àṣírí tú pé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn, tó yẹ kó jẹ́ àwòkọ́ṣe, ti ń fi iye èké kún àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n ní àwọn gbà síṣẹ́. Iye náà lé ní 3,000. Wọ́n ka àwọn tó kàn ń lo awò ojú mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tí iye tiwọn kò pé èyí tí òfin là sílẹ̀ o!

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, LASODA. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní oṣù kìíní ọdún 2019, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara ti jà fún un fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Òfin náà ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sapá kí ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara. Kò dá iye kankan lé iléeṣẹ́ aládàáni lórí, ṣùgbọ́n ó kà á léèwọ̀ fún wọn láti fi àìlera ènìyàn dù ú níṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, ó kéré tán 500,000 náírà ni yóò san, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ náà ló sì ni owó ọ̀hún. Mo rí i pé àwọn kan ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Òfin yẹn náà ló fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́, ìyẹn arọ tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rìn, lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù kìíní 2024. Ẹ̀yin tí ẹ bá kíyè sí àtẹ̀gùn tí a gùn wọ gbọ̀ngàn yìí, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bẹ́ẹ̀ ìlànà iṣẹ́ ọba ṣì ń béèrè pé kí dókítà ìjọba jẹ́rìí sí i pé ara ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà le, ó sì yẹ fún iṣẹ́ ìjọba. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ohun tí wọ́n ń rò níbẹ̀ ló burú. Ẹni tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré kò ṣàìsàn. Àrùn yẹn ti wá, ó ti lọ, ẹsẹ̀ ló fi ṣe ìrántí. Ara rẹ̀ lè le ju ti dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Àmọ́ bí wọn ò bá sọ fún dókítà pé ìdí kọ̀ǹpútà ni yóò máa jókòó sí, kí ni kó fi wọn “yẹ fún iṣẹ́”?

Mo fẹ́ mú àwọn àwíjàre tí mo máa ń gbọ́ wá ní kíá. Èkíní ni owó. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tó ń jẹ́ JAN ti ń gba agbanisíṣẹ́ nímọ̀ràn láti 1983, ó sì máa ń bi wọ́n ní iye tí àtúnṣe ná wọn. Nǹkan bí ìdajì wọn ló ń sọ pé kò ná àwọn ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé tábìlì sókè díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ẹni tí kò lè gùnkè wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí adití lórí WhatsApp dípò kí ẹ máa pariwo rẹ̀. Ní ti afọ́jú, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ NVDA, tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Ọsirélíà méjì tí àwọn fúnra wọn jẹ́ afọ́jú ló ṣe é, láti 2006. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ ti rà á tán.

Ohun tó ń ná ènìyàn lówó lóòótọ́ wà níta ọgbà yín. Dánfó kì í dúró de oníkẹ̀kẹ́. Ọlọ́kadà á gbé e, á so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, á sì gba owó èrò méjì. Ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré lè fi ìdajì rẹ̀ wọ ọkọ̀. Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín, nítorí bí ẹ bá gba ènìyàn tó sì ń pẹ́ dé, ẹ ó sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kó wọṣẹ́ ní aago mẹ́wàá, nígbà tí èrò ti dín kù lọ́nà, kó sì ṣíwọ́ ní mẹ́fà.

Èkejì ni ewu. “Á ṣubú, á fara pa, ìdílé rẹ̀ á wá ká mi mọ́lé.” Iléeṣẹ́ DuPont, tó ń ṣe kẹ́míkà, ibi tí àṣìṣe kékeré lè di iná, ti ń yẹ àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara wò láti àwọn ọdún 1950. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ra kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ti ń fi ọ̀pá sọdá ọ̀nà Ìwó láti kékeré, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ ọ ní ìṣọ́ra? Àwọn àgbà ti wí i: bí afọ́jú bá ní òun ó sọ ẹ́ lókò, ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkúta.

Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́: “Bí mo bá gbà á tí kò wá mọṣẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ lé e? Ayé á ní mo ya ìkà.” Èyí nìkan ni mo rò pé ó jẹ́ òótọ́ inú wọn. Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tí ẹ fún ní ohun èèlò tó yẹ, tí ẹ fún ní oṣù mẹ́ta bí ẹ ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò sì ṣe é, ẹ lé e. Òfin kò ní kí ẹ má lé e. Ẹni tí ẹ ò lè lé, ẹ ò tíì gbà á síṣẹ́. Ẹ kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Wọ́n á tún ní oníbàárà á sá. Nínú Ìbàdàn yìí? Yinka Ayefele ní jàǹbá ọkọ̀ ní 1997, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, orí kẹ̀kẹ́ ló wà láti ìgbà náà. Ó kọrin kiri òde ìnáwó gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì dá Fresh FM sílẹ̀, ó ń san owó oṣù fún àwọn tó lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ta ni kò fẹ́ kó wá ṣeré fún òun nítorí kẹ̀kẹ́? Àmọ́ mo fẹ́ kìlọ̀ kan níbí, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ: “Ayefele ṣe é, ìwọ kí ló dé?” Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè ṣe ohun tí Ayefele ṣe, síbẹ̀ wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń jẹun. Kò yẹ kí arọ gbọ́dọ̀ di ìràwọ̀ kó tó lè di akápò.

Àṣà wa náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tó jọ mí lójú. Àfín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pè wọ́n, ti Ọbàtálá, ẹni tó mọ wọ́n bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, Ọbàtálá ló fi ṣẹ̀sín. Kì í ṣẹjọ́ eléyín gan-n-gan, òrìṣà ló fi eyín sí i lẹ́nu tí kò fún un ní awọ bò ó. Ọ̀wọ̀ ńlá nìyẹn, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà máa ń gbé ènìyàn sójúbọ, kó jókòó síbẹ̀, kí a máa gbé oúnjẹ wá bá a. Ìgbà tí ìsìn mìíràn dé, a gbàgbé ọ̀wọ̀, a kò gbàgbé oúnjẹ.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò rí wọn. Iléèwé Wesley tó wà fún àwọn adití ní Èkó ti wà láti 1958, iléèwé Pacelli tó wà fún àwọn afọ́jú láti 1962. Ọ̀yọ́ kò jìnnà síbí. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti wà níbẹ̀, ó sì ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ ránṣẹ́ ìpolówó iṣẹ́ yín síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń kọ ìpolówó náà, ẹ wo gbólóhùn tí a máa ń kọ láìronú: “ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀,” fún iṣẹ́ tí kò ní mọ́tò nínú, “ẹni tó lágbára, tó ń ta kébékébé,” fún ẹni tí yóò máa tẹ ìwé. Gbólóhùn kan yẹn ti lé afọ́jú àti arọ kí wọ́n tó kọ̀wé rárá.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fetí sílẹ̀. Mo gba ìbéèrè.

Alhaja kan tó ní ilé búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní adití kan wá béèrè iṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìpo ìyẹ̀fun bá fẹ́ fa aṣọ rẹ̀, wọ́n á ké sí i kò ní gbọ́. Mo bi wọ́n pé bí ẹ̀rọ yẹn àti jẹnẹrétọ̀ bá ń ké pọ̀, ṣé àwọn tó létí ń gbọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àfi kí àwọn sáré lọ fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ní, Màmá, ohun tí ẹ ó ṣe fún adití náà nìyẹn. Kí wọ́n jẹ́ kó máa kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí oníná sì so gílóòbù pupa kan mọ́ ara swíìṣì, tí yóò máa tàn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀kejì, kí wọ́n bi í bó ṣe ń ṣe é níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ó ṣeé ṣe kó ní ọgbọ́n tó dára ju tèmi lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n bi aláàbọ̀ ara níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ní ohun tí ẹ bá ń bi àwọn yòókù, kí ẹ sì fi èyí kún un: “Iṣẹ́ wa nìyí, báwo lo ṣe máa ṣe é, kí lo sì máa nílò?” Kí wọ́n má bi í pé kí ló fà á. Ìyẹn kò kan ìwé owó, bẹ́ẹ̀ ló ti ń sú u láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méje.

Télọ̀ àgbà kan ló béèrè kẹ́yìn. Arọ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iye kan náà ló yẹ kó san fún un. Mo ní aṣọ mélòó ló ń rán lọ́sẹ̀? Ó ronú díẹ̀, ó ní ó ju ti ẹni tó jókòó tì í lọ, torí kì í dìde rìn kiri. Mo ní kó san owó iye aṣọ tó rán. Ó ní òun á wò ó. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní kò sí ohun tó fẹ́ wò níbẹ̀, àti oṣù tó ń bọ̀ ni.